Apá Òsì Táyé, Apá Ọ̀tún Kẹ́hìndé

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ọ̀bà-Ilé ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìntì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí nǹkan kà. Olùkọ́ mẹ́ta ti kọ tiwọn. Télọ̀ kan ti kọ tirẹ̀, ó sì dùn. Nígbà tó kàn mí, alága wọn rọra bi mí bóyá mo lè kọ ọ́ lọ́nà tí kò ní dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Mo ní n kò lè ṣèlérí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn, l'Óǹdó àti ní Àkúrẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Nínú gbogbo ẹ̀yìn tí mo ń wò, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò gùn. Mo jáde ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń gba ènìyàn sí láàbù ilé ìwòsàn kan l'Óǹdó, wọ́n mú mi. Owó oṣù ibẹ̀ kò ṣe é fi yangàn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Yàrá ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pín mi sí, nítorí pé gbogbo àwọn tó kù sá fún un. Kí oṣù kan tó pé, orúkọ mi ti di Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ní àdúgbò. Àwọn tó ń kí mi láàárọ̀ á jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó kí mi. Obìnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa bímọ, mo lọ kí i. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, ṣùgbọ́n ọmọ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ títí mo fi dìde. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ bí mo bá gbà á tán, olúkúlùkù sì ń rò ó bí inú rẹ̀ ṣe rí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé. Ọmọ Oǹdó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, bàtà rẹ̀ kì í sì í dún. Ẹ ó kàn rí i pé ó ti dúró lẹ́yìn yín ni. Ìgò ni a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà àti abẹ́rẹ́ irin tí a ń pọ́n lórí òkúta, tí a sì ń sè nínú omi gbígbóná. Kẹrosíìnì ni fíríìjì wa ń mu. Oṣù mẹ́fà gbáko, n kò fọwọ́ kan ara ènìyàn kankan, abẹ́rẹ́ ni mo ń pọ́n. Bí mo bá pọ́n ọn tán, Ọ̀gá á fà á kọjá lára òwú. Bí òwú bá kọ́ ọ, á dá a padà sínú abọ́, á sì lọ láì sọ̀rọ̀. Mo sunkún sunkún. Nígbà tí mo lọ sílé, ìyá mi ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n wá sọ ọ́ fún Ọ̀gá.

Nígbà tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ara ènìyàn, ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé kí n máa wo apá méjèèjì. Ẹni tó bá wá fún ni lẹ́jẹ̀ á na apá kan sí ọ. Má gba ìyẹn nìkan. Ká aṣọ apá kejì sókè, kí o wò ó dáadáa. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fún ilé ìwòsàn méjì lẹ́jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Òmíràn nítorí owó, òmíràn nítorí ohun tí kò ní fẹnu sọ, ṣùgbọ́n apá á sọ ọ́. Ó tún kọ́ wa bí a ṣe ń lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ òwú lójú abẹ́rẹ́. A máa ń ṣẹ́ etí tẹ́ẹ̀pù náà po bí ẹni ṣẹ́ etí ìwé, kí ẹni náà lè rí ibi fà bó bá délé. Gbogbo àwa tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ là ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá dé, a ó kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè tí ojú á fẹ́ tì yín láti dáhùn: oògùn tí ẹ ń lò, àìsàn tó ti ṣe yín, irú ìgbé ayé tí ẹ ń gbé, ìgbà tí ẹ fún ni lẹ́jẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ má parọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. A ó wọ̀n yín, a ó gún yín ní ìka, a ó sì jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan bọ́ sínú ife omi búlúù. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá dára, ẹ̀kán náà á rì lọ sísàlẹ̀ ife lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá tó, á léfòó, a ó sì ní kí ẹ lọ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ná.

Lẹ́yìn náà ẹ ó dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà dùn ún, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n kò ju ìgbà tí ìjàlọ bá géni jẹ. Ẹ ó máa di ọwọ́ yín pọ̀, ẹ ó máa tú u. Kò ní pé ìdámẹ́rin wákàtí tí àpò á fi kún. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í retí ni pé ọ̀pá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ á kan ara apá yín, ẹ ó sì rí i pé ó gbóná. Ìgbóná ara yín ni, ṣùgbọ́n láti òde ló ti ń kàn yín. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tó kígbe nígbà tó gbọ́ ọ lára. Bí a bá tú yín sílẹ̀, ẹ ó jókòó, ẹ ó mu mọ́ọ̀tì, ẹ ó jẹ bísíkíìtì, ẹ kò sì gbọdọ̀ kánjú dìde. Lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ mu omi dáadáa. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ tún fún ni títí oṣù mẹ́ta á fi pé, ti obìnrin, ó di oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta yìí ló fẹ́ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo ń sọ.

Ọdún kẹwàá mi l'Óǹdó ni Táyé kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá. Àgbẹ̀ kòkó ni, oko rẹ̀ wà ní Bọ́lọ́rundúró, á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, bí kì í bá ṣe pé ìyàwó wọn ń rọbí, bàbá wọn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá dédé wá, a máa ń fura sí i. Mo bi í pé ta ló fẹ́ fún. Ó ní ẹni tó bá nílò rẹ̀. Apá òsì ló nà sí mi. Mo wo ọ̀tún, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, Táyé á dé, apá òsì náà ni yóò sì nà. Bí a bá ní kó mú ọ̀tún wá kí òsì lè sinmi, á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀tún kì í ṣe tòun. Ẹ̀rín ni àwa náà ń fi rín.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé Kẹ́hìndé ńkọ́. Ó ní Àkúrẹ́ ló wà. Fúnmi, ọmọ Oǹdó tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tẹjú mọ́ ìwé tó ń kọ. Èmi ọmọ Ọ̀bà-Ilé, kí ni mo mọ̀ nípa ilé onílé?

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ̀yìntì, ó sì lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Ìgò lọ, àpò rọ́bà dé. Abẹ́rẹ́ tí a ń pọ́n lọ, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù dé. N kò lè sọ pé àárò òkúta ìpọ́nbẹ́rẹ́ sọ mí. Ìjọba wá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn ní Àkúrẹ́, kí n lọ ṣe olórí yàrá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo dágbére fún Táyé nígbà tó wá.

“Kẹ́hìndé á máa wá bá yín níbẹ̀,” ló wí.

Inú mi dùn. Mo ní kó sọ fún un kó tètè wá.

Yàrá tí wọ́n fún wa ní Àkúrẹ́, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ tuntun sí iwájú. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe máa ń tutù lọ́sàn-án gangan tí n kò rí ìdí rẹ̀. N kò tíì lò ju oṣù kan àti ààbọ̀ níbẹ̀ tí Kẹ́hìndé fi wọlé. Ojú Táyé ni, ìrìn Táyé ni. Fìlà ló fi yàtọ̀, àti pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fò dìde, mo kí i bí ẹni kí ọmọ ìyá mi. Ó wo inú yàrá yí ká, ó bi mí bóyá òun lè lo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé. Apá ọ̀tún ló nà. Mo na ọwọ́ láti ká aṣọ apá òsì rẹ̀ sókè bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, ó fi ọwọ́ bò ó.

“Síìstà,” ló wí jẹ́jẹ́, “ti Táyé nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ìbejì ni, pé wọ́n ti pín apá láàárín ara wọn bí wọ́n ṣe ń pín ẹran nínú abọ́ nígbà ọmọdé. N kò ká aṣọ náà. Ọdún méjìdínlógún tí Ọ̀gá fi ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú kan ni mo fi dà á nù, nítorí pé mo mọ ojú ẹni tó wà níwájú mi. Mo ṣí káàdì tuntun, mo kọ Kẹ́hìndé sí i.

Ó ń wá bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í dáhùn. Á di ẹ̀ẹ̀kejì kó tó gbórí sókè. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé nìkan ló ń lò. Bí ẹnìkan bá wà lórí rẹ̀, á jókòó dè é, bó tilẹ̀ gba wákàtí méjì. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, á kọjú sí ògiri, ètè rẹ̀ á máa mì. Lọ́jọ́ kan mo súnmọ́ ọn láti wo àpò, mo gbọ́ tó ń wí pé, “Ó kù díẹ̀. Rọ́jú.” Mo ní ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí. Mọ́ọ̀tì méjì ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún, ìkan fún òun, ìkan fún ọmọ ìyá òun. Mo máa ń fún un, màá ní, “Kí Táyé fún mi o.”

“Ó ń gbọ́,” ni yóò dáhùn.

Màmá Àjíkẹ́ tó ń gbálẹ̀ fún wa, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí Kẹ́hìndé bá ti ń bọ̀, á gbé ìgbálẹ̀, á jáde. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

“Rẹ̀mí, ẹni ọ̀hún kì í dá wọ ulé yìí. Ẹsẹ̀ ẹni méjì ni mo máa ń gbọ́.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbájú mọ́ uṣẹ́ tí ìjọba gbé fún wa. Ẹ̀rù kì í bà mí nígbà náà. Ohun tí mo kàn rí ni pé ọkùnrin náà ń funfun sí i lójú, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yára rì nínú omi búlúù mọ́. Mo ní kó máa jẹ ẹ̀dọ̀. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ń gbé fíríìjì tuntun wá fún wa, èyí tó ń lo oòrùn, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àwọn oníná tàbí jẹnẹrétọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí òrùlé, wọ́n ń lu ìṣó. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, a ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ sìnkú. Èmi nìkan ni mò ń pàṣẹ fún àwọn tó gbé àkàbà tí mo sì ń dáhùn fóònù, nígbà tí Kẹ́hìndé yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìkánjú òun sùúrù, ọgbọọgba ni, ṣùgbọ́n n kò rántí òwe lọ́jọ́ náà.

Mo gún ìka rẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ife. Kò rì, kò sì léfòó. Ó dúró sí àárín omi, ó rọra ń yí. Láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnìkan kígbe pè mí láti orí òrùlé, mo gbójú sókè dá a lóhùn. Nígbà tí mo padà wo ife, ó ti wà nísàlẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó rì.

Àpò náà pẹ́ kó tó kún. Bí mo ṣe tú u sílẹ̀, mo fún un ní mọ́ọ̀tì méjì, mo sì yára lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, mo lẹ ìwé orúkọ mọ́ àpò náà, mo gbé e sínú fíríìjì tuntun láti dán an wò. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ariwo mégádì. Kẹ́hìndé ti ṣubú lẹ́nu géètì, níbi tó ti fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Wọ́n gbé e wọlé, ibi tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé. Ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Dókítà kan sáré dé, obìnrin ni, kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí ìpéǹpéjú ọkùnrin náà wò, inú rẹ̀ funfun báláú. Ó bi mí pé ta ló gba ẹ̀jẹ̀ lára irú ẹni báyìí. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n ká aṣọ apá kejì kí òun lè fi omi sí i lára.

Mo ká a. Apá òsì náà kún fún ojú abẹ́rẹ́ tó ti san, wọ́n tò lórí ara wọn, mo sì dá wọn mọ̀ nítorí pé èmi ni mo gún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òwú tuntun wà lójú ọ̀kan, wọ́n lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn, wọ́n sì ti ṣẹ́ etí tẹ́ẹ̀pù náà po bí etí ìwé.

Mo pe Fúnmi lórí fóònù, mo bi í bóyá Táyé wá sọ́dọ̀ wọn. Ó ní ó wá ní ọjọ́ Ajé, pé òsì náà ló nà, àwọn kò sì ká aṣọ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní Kẹ́hìndé ńkọ́.

“Àǹtí Rẹ̀mí, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? A kì í sọ ọ́ nípa ìbejì. Ó ti lọ tipẹ́, kí Táyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa rárá. Ọkọ̀ ló gbá a lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ilé ìwòsàn yín yẹn ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ títí, wọn ò rí.”

Mo bojú wo yàrá tí mo dúró sí, tí wọ́n ní ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni tẹ́lẹ̀, mo wo bẹ́ẹ̀dì náà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé. Mo ti bá a ṣeré, mo ti fi mọ́ọ̀tì ránṣẹ́. Ẹ̀rù tí n kò ní láti ọjọ́ yìí wá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dókítà pariwo orúkọ mi. Ó ní omi kò ní tó, pé kí n wá ẹ̀jẹ̀ wá kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkùnrin yìí ò ní í rí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà. Mo ṣí fíríìjì. Àpò náà dá dúró níbẹ̀, orúkọ Kẹ́hìndé wà lára rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Òfin ni pé a ó kọ́kọ́ da díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fún ni pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, láti mọ̀ bóyá wọ́n á bá ara wọn mu. Mo mọ̀ pé ti ara rẹ̀ ni, síbẹ̀ mo dà wọ́n pọ̀. Wọ́n wọ inú ara wọn láì ṣù rárá. Dókítà béèrè ẹni tó ni àpò náà. Mo sọ fún un ní gbólóhùn méjì. Ó wò mí bí ẹni wo wèrè, ó ní kí n gbé e kọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin náà lajú. Mo ti jókòó tì í láti ìgbà tí mo gbé àpò náà kọ́, n kò jẹun. Ìgò mọ́ọ̀tì méjèèjì wà lábẹ́ àga tó ti jókòó kó tó jáde, méjèèjì sì ti ṣófo. Mo bi Màmá Àjíkẹ́, ó ní òun kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo fẹ́ gbà pé àwọn tó wà lórí òrùlé ló mu ìkejì, ohun tí mo ń sọ fún ara mi títí di òní nìyẹn. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wo àpò tó so kọ́ lókè orí rẹ̀, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ó tún un kà.

“Ó wá,” ló wí.

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ lọ sínú etí, kò nù ún. Ó ní lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé lọ, ìyá àwọn ránṣẹ́ sí òun pé kí òun wá fún un lẹ́jẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára àwọn. Oko Bọ́lọ́rundúró lòun wà, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kò sí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ lòun fi rìn dé títì. Nígbà tí òun dé yàrá yìí, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Láti ìgbà náà, ohun tí òun bá ṣe fún Táyé, òun gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí Táyé bá fún ni lẹ́jẹ̀, kí Kẹ́hìndé náà fún ni, kí ojú má baà tì í láàárín àwọn tó wà níbi tó wà. Tẹ́lẹ̀, oṣù kan àti ààbọ̀ ló máa ń wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí iṣẹ́ oko ló pọ̀ tí òun fi gbé méjèèjì sínú ọ̀sẹ̀ kan.

Dókítà ti sọ fún mi pé bó bá ti jí, kí n là á yé e pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ la dá padà fún un, kí n fa káàdì Kẹ́hìndé ya lójú rẹ̀. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹnu méjì, n kì í sì í gba ìsọkúsọ nípa òkú láyè. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ti móoru.

“Síìstà, ṣé ó ní kí n ṣì máa mú tòun wá?”

Mo la ẹnu láti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni. Mo fi Ọlọ́run tí mò ń sìn ṣẹ̀rí, ohun tí mo gbé sẹ́nu nìyẹn. Ohun tó jáde ni pé, “Ó ní ó tó. Òun ti ṣe tòun.”

Ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn. N kò tíì rí ẹni tó sùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ayé mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo di ẹnu mi mú.

Táyé ṣì wà láàyè. Ọdún kan gbáko ni a kò gbà fún un láti fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ àwọn Fúnmi l'Óǹdó, apá òsì nìkan, kò yẹ oṣù rẹ̀ rí, títí ọjọ́ orí fi dá a dúró. Kò tẹ Àkúrẹ́ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀. Fúnmi ní ojú rẹ̀ padà pọ́n bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí, iṣẹ́ rere ni, ẹ ṣe é. Ẹ ká apá méjèèjì sókè, ẹ má sì wo ojú ẹni tí ẹ mọ̀.

Ní tèmi, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, ìwé pé kí n wá sọ tẹnu mi, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n fa ìgbéga mi sẹ́yìn, mo gbà. Ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo dáhùn márùn-ún nínú wọn bó ṣe rí gan-an, n kò fi ẹ̀bi mi pamọ́. Ìkẹfà ni pé, nínú ìwé tí a ń kọ ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà sí, ta ni Kẹ́hìndé tí mo kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Mo ṣe ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kọ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́. Ohun tí mo kọ, tí mo sì fọwọ́ sí ni pé: òun ni ẹni tó fún Táyé lẹ́jẹ̀.